SO RÀKÚNMÍ RẸ MỌ́LẸ̀ KÍ O TÓ GUN ÒKÈ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi àwọn òkè gúnlẹ̀ bí èèkàn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.



Ẹ ti gbọ́ pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, ẹgbẹ́ wa fẹ́ lọ gun Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Inú àwọn ọ̀dọ́ ń dùn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan bi mí pé kí ni ti Mùsùlùmí nínú òkè gígùn, ṣé kì í ṣe eré lásán ni? Mo ní kí wọ́n lọ ka Súrà kejìdínláàádọ́rùn-ún, ẹsẹ 17 sí 20. Ọlọ́hun pè wá níbẹ̀ pé kí a wo ràkúnmí, kí a wo sánmọ̀, kí a sì wo bí a ṣe fi àwọn òkè múlẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ojú àròjinlẹ̀ wo òkè, ìjọsìn ni ó ń ṣe. Lílọ wa kò bà mí lẹ́rù. Bí a ó ṣe lọ ni ó ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi ni amíírù fún àwọn ọ̀dọ́ kan tí a jọ lọ gun òkè. A kò ṣe ètò kankan. Agogo mẹ́wàá ti kọjá kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí gùn ún, oòrùn sì ti mú. Omi tí a gbé kò tó. Nígbà tí ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, mo dá a lóhùn pé, "Ọlọ́hun á ṣe é." Àwọn tí ara wọn le ń sáré lọ níwájú, èmi náà sì wà láàárín wọn. Ìgbà tí a jókòó láti sinmi ni a tó mọ̀ pé arábìnrin kan kò sí pẹ̀lú wa. A padà sísàlẹ̀, a bá a lábẹ́ àpáta, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń sunkún ìrora. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń bẹ lára rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó mọ̀. Ẹ̀yìn ni a fi pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí kò jẹ́ kí ó kú.

Nígbà tí mo lọ kí i nílé ìwòsàn, mo bi í pé èé ṣe tí kò sọ fún wa. Ó ní, "Àáfà, ẹ ò bi wá. Bí mo bá sì sọ ọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́, ta ni yóò fẹ́ mi sílé?"

Ẹnu mi wọlẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ohun tí mo pè ní ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun, ìmẹ́lẹ́ lásán ni.

Ọkùnrin kan bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun ni, tàbí kí òun fi í sílẹ̀ kí òun gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Èsì tí ó gbà, gẹ́gẹ́ bí Tirmidhi ṣe gbà á wá, ni pé kí ó so ó, kí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Méjèèjì ni, kì í ṣe ọ̀kan.

Ta ni ó tún gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun ju Ànábì fúnra rẹ̀ lọ? Síbẹ̀, ẹ wo ètò tí ó ṣe nígbà tí ó ń kúrò ní Mẹ́kà ní ọdún 622. Ìhà àríwá ni Mẹ̀dínà wà, ṣùgbọ́n ìhà gúúsù ni òun àti Abubakar kọ́kọ́ gbà, wọ́n gun òkè Thawr, wọ́n sì sá pamọ́ sínú ihò rẹ̀ fún òru mẹ́ta. Abdullahi ọmọ Abubakar ń mú ìròyìn wá láti ìlú lálẹ́. Asmau ni ó di oúnjẹ ìrìn-àjò wọn. Amir ọmọ Fuhayra ń da ẹran wá kí wọ́n lè rí wàrà mu. Wọ́n sì háyà afinimọ̀nà kan tí ó mọ ọ̀nà dunjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Mùsùlùmí. Lẹ́yìn gbogbo ètò yìí ni ọ̀tá dé ẹnu ihò, tí ó sì fi Abubakar lọ́kàn balẹ̀ pé Ọlọ́hun wà pẹ̀lú wọn. Ẹ ka Súrà Tawba, ẹsẹ 40.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a so ràkúnmí tiwa.

Èkíní, amíírù. Ànábì pàṣẹ pé bí ẹni mẹ́ta bá rìnrìn-àjò, kí wọ́n fi ọ̀kan ṣe olórí. A ó yan ọkùnrin kan fún àwọn ọkùnrin, obìnrin kan fún àwọn obìnrin. Kọ̀rọ̀ ni kí wọ́n ti bi oníkálukú nípa ìlera rẹ̀: ẹni tí mímí máa ń ṣòro fún, aláìsàn ọkàn, ẹni tí ó lóyún, ẹni tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Òǹgbẹ, àárẹ̀ àti òtútù a máa jí àìsàn yìí dìde, nítorí náà ọ̀rọ̀ dókítà ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé. Ẹni tí ó bá gbọ́ àṣírí, amánà ni lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, yíyẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó so yìgì ni ó tọ́ sí wa, kì í ṣe fífi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́.

Èkejì, àkókò. Bí a bá ti kírun Àsùbáà tán, a ó gbéra, kí oòrùn tó mú. Bí agogo kan ọ̀sán bá lù, ibi yòówù kí a dé, a ó yí padà. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 tí ó wà níbẹ̀, ìlú àtijọ́ ni ó gbé ènìyàn dé, kò dé ṣóńṣó òkè. Láti ibẹ̀ lọ, orí àpáta ni ẹsẹ̀ yóò máa tẹ̀, bíbọ̀ wálẹ̀ sì máa ń dun orúnkún ju gígùn lọ. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, kí a padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí àpáta tútù ń yọ̀, mànàmáná kò sì mọ ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹ̀kẹta, omi àti oúnjẹ. Kí oníkálukú gbé omi lítà 3, èyíinì ni omi inú ọ̀rá 6 tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50. Ẹ mú dàbínù, ẹ̀pà àti búrẹ́dì dání. Bí omi bá kù tí kò ju èyí tí a ó mu lọ, a kò gbọdọ̀ fi ṣe àlùwàlá. Táyámámù ni ká ṣe. Ní ìlànà Ìmáámù Máliki tí a ń tẹ̀lé nílẹ̀ wa, òkúta pàápàá tó o ṣe.

Ẹ̀kẹrin, aṣọ àti bàtà. Kò sí sílípáàsì. Bàtà tí ó dì mọ́ ẹsẹ̀, tí ó sì mú ilẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ wọ ṣòkòtò gbòòrò sábẹ́ aṣọ yín, kí etí aṣọ má máa wọ́lẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ìrìn. Jábírì sọ fún wa pé Ànábì a máa rìn lẹ́yìn nínú ìrìn-àjò, kí ó lè ran ẹni tí kò lágbára lọ́wọ́, kí ó gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀ lórí ẹran ìgùn, kí ó sì ṣàdúà fún un. Nítorí náà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ra jù ni yóò ṣíwájú, amíírù ni yóò kẹ́yìn. Bí a bá ń gòkè, Àlàáhù Àkúbárù; bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, Súbúhánáláì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn sàábé ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, bí a kò bá dé ṣóńṣó, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Òkè kò ní ibi tí ó ń lọ. Ẹni tí a fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni Ọlọ́hun yóò bi wá léèrè. Arábìnrin ọjọ́sí gbà pé kí n kọ ìtàn yìí láìdárúkọ òun. Ẹ má ṣe máa wádìí ẹni tí ó jẹ́. Ẹ wo ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ sì bi í bóyá ara rẹ̀ le.

Kí Ọlọ́hun mú wa lọ, kí Ó mú wa bọ̀, kí iye tí a bá lọ jẹ́ iye tí a ó bá padà sílé. Àámín.