Ẹ Kú Oríire, Ẹ Kú Iṣẹ́: Àyẹ̀wò Owó Tẹ́tẹ́

Kò sí ohun tí Yorùbá kò ní kíkí fún. Ẹni tí ó ń roko, "Ẹ kú iṣẹ́" ni a ó kí i. Ẹni tí ó kọ́lé, ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ó bọ́ nínú ewu, olúkúlùkù ni ó ní kíkí tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá jẹ owó ńlá nínú tẹ́tẹ́, irú kíkí wo ni ó tọ́ sí i? Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé, "Ẹ kú iṣẹ́." "Ẹ kú oríire" ni gbogbo ènìyàn yóò máa wí. Ó dà bí ẹni pé èdè ti dá ẹjọ́ náà kí àwọn onímọ̀ tó jókòó lé e lórí. Síbẹ̀, ìbéèrè tí ó wà lábẹ́ kíkí méjèèjì jinlẹ̀: ǹjẹ́ owó tí ènìyàn kò ṣiṣẹ́ fún tọ́ sí i? Bí ó bá sì tọ́ sí i, ǹjẹ́ ó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè?

Kí ọ̀rọ̀ má baà di àròsọ lásán, ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ ní Ọ̀dẹ̀dá, lójú ọ̀nà tí ó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀gẹ́ ni ó ń gbìn. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kí ẹ̀gẹ́ tó gbó. Bí ó bá wà á tán, a ó bó o, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, a ó sá a sórí àpáta, a ó sì lọ̀ ọ́, kí ó tó di láfún tí a mọ Ẹ̀gbá mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, àgbẹ̀ yìí kọ ìwé púùlù: ó mú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mélòó kan, ó ní ọ̀mì ni wọn yóò gbá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó ṣú, owó tí ogún ìkórè kò lè mú wá ti dé ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ kíyè sí ni irú eré tí púùlù jẹ́. Ẹni tí ń ta á kì í gbá bọ́ọ̀lù. Ìlú Òyìnbó ni ó ti tàn wá. Ní 1923 ni John Moores àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Littlewoods sílẹ̀. Nígbà tí púùlù dé Nàìjíríà, àwọn tí kò rí pápá Arsenal tàbí ti Everton rí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé owó lé ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀. Bí àkókò ìsinmi bọ́ọ̀lù bá sì dé ní Ìlú Òyìnbó, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ti Ọsirélíà ni wọ́n ń lò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1963, òtútù àti yìnyín bo pápá ní Ìlú Òyìnbó tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kò lè wáyé. Àwọn ilé-iṣẹ́ púùlù yan ìgbìmọ̀ àwọn àgbà nínú bọ́ọ̀lù láti jókòó sọ bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọ̀nyí ì bá ti parí ká ní wọ́n gbá a. Èyí tí ìgbìmọ̀ náà sọ ni wọ́n sì fi san owó. Owó gidi ti ara eré tí kò wáyé jáde. Ní Amẹ́ríkà, a ti rí ìdíje mìíràn nínú èyí tí olùdíje kì í fọwọ́ kan káàdì: orúkọ àwọn tí ń ta póókà ni yóò kàn yàn, bí àwọn tí ó yàn bá ti ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni àmì tirẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i, títí yóò fi gba ẹ̀bùn ńlá. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: ẹnì kan ni ó ń làágùn, ẹlòmíràn ni ó ń gbowó.

Àwọn kan yóò dáhùn pé orí àgbẹ̀ náà ni ó ṣe é. Ìdáhùn yìí kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, ọ̀dọ̀ Àjàlá alámọ̀ ni olúkúlùkù ti yan orí kí ó tó wá sí ayé, orí tí ó bá dára a sì máa gbé olúwa rẹ̀ dé ibi ire. Ṣùgbọ́n Ifá kan náà ni ó sọ ìtàn bí àwọn orí ti péjọ láìpe ẹsẹ̀ sí ìpàdé, tí ìpinnu wọn kò sì ṣeé mú ṣẹ, nítorí pé ẹsẹ̀ ni í gbé orí dé ibi tí ire rẹ̀ wà. Ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ àti akitiyan. Tẹ́tẹ́ ni ó fẹ́ kí orí dá rìn. Bí a bá ní ẹni tí ń ta púùlù náà ń ṣe akitiyan, pé ó ń fi òru yẹ ìwé wò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní kí ọmọ ọdún márùn-ún bá òun fa àmì sí i náà ń jẹ nígbà mìíràn. Akitiyan tí èrè rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àìṣe-akitiyan kò lè di ìpìlẹ̀ ẹ̀tọ́.

Ẹni tí ó bá mọ iyàn jà yóò wá bèèrè pé: àgbẹ̀ pàápàá ńkọ́? Ṣé òun ni ó rọ òjò sí oko rẹ̀ ni? Ọmọ tí ó jogún ilé ńkọ́? Bí oríire bá ń ba ẹ̀tọ́ jẹ́, ta ni ẹ̀tọ́ kù fún? Ìbéèrè yìí lágbára, kò sì yẹ kí a fò ó. Ogún ní tirẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹni tí ó fi í sílẹ̀, olúwa rẹ̀ sì mọ ẹni tí òun ń fi í sílẹ̀ fún. Ní ti òjò, oríire méjì ni ó wà. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sí oko, ẹ̀gẹ́ tí kò sí tẹ́lẹ̀ yóò dé. Ilé àgbẹ̀ yóò yó, ọjà Ọ̀dẹ̀dá náà yóò sì kún. Ti tẹ́tẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn ta tẹ́tẹ́ ọgọ́rùn-ún náírà, 100,000 náírà ni àpapọ̀ rẹ̀. Ká ní onílé-tẹ́tẹ́ àti àwọn aṣojú rẹ̀ mú 30,000 níbẹ̀, tí ẹnì kan sì jẹ 70,000 tí ó kù. Ènìyàn 999 ni ó padà sílé lọ́wọ́ òfo, ẹyọ ẹ̀gẹ́ kan kò sì fi pọ̀ sí i ní ìlú. Bí a bá ka gbogbo àwọn tí ó ta tẹ́tẹ́ náà sí ẹnì kan ṣoṣo, ẹni náà ti pàdánù 30,000 náírà. Oríire àgbẹ̀ ń bí sí i. Oríire atatẹ́tẹ́ kàn ń ti àpò kan bọ́ sí òmíràn ni.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a pe ẹni tí ó jẹ ní olè. Ohun tí olóhun kò yọ̀ǹda ni olè ń gbà. Àwọn 999 yìí fi ọwọ́ ara wọn san owó, wọ́n sì mọ̀ pé ó lè sọnù. Nítorí náà, owó náà di tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàrin ohun tí í ṣe tẹni àti ohun tí í ṣe iyì ẹni. Nínú àwọn tí ó san owó náà, a lè rí baba tí ó fi owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. A lè rí òṣìṣẹ́ tí ń fọ́ òkúta ní agbègbè Ọ̀dẹ̀dá, tí ó fi owó oúnjẹ ta á nítorí pé ó ti sú u kí owó máa tán kí oṣù tó parí. Ẹni tí ìṣẹ́ ń tì lẹ́yìn lè fara mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n ìfaramọ́ rẹ̀ kò rí bíi ti ẹni tí ó yó. Ẹni tí ó jẹ kò mọ orúkọ wọn, àwọn náà kò mọ tirẹ̀. Àìmọra-ẹni yìí ni ó mú kí owó tẹ́tẹ́ fúyẹ́ lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. A lè fi ìtàn Viv Nicholson ti òwe yìí lẹ́yìn. Ní 1961, òun àti ọkọ rẹ̀ Keith, awakùsà èédú ní Castleford, jẹ £152,319 nínú púùlù. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi í ní ohun tí yóò fi owó náà ṣe, ó ní òun yóò máa ná an ṣáá ni. Ó sì ná an. Keith kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1965, owó náà sì tán. Obìnrin náà kò tún rí irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní 2015. Ìtàn náà bani nínú jẹ́, ṣùgbọ́n kò yanjú ìbéèrè wa. Àwọn mìíràn jẹ, wọ́n sì fi tọ́ ọmọ yanjú. Bí títán owó bá jẹ́ ẹ̀rí pé kò tọ́ síni, a jẹ́ pé títọ́jọ́ rẹ̀ yóò jẹ́ ẹ̀rí pé ó tọ́ síni. Ìkìlọ̀ ni òwe náà, kì í ṣe ìdájọ́. Ohun tí ó ń kìlọ̀ fún wa ni pé iṣẹ́ kì í mú owó nìkan wá. A máa mú ìwọ̀n bá a wá. Àgbẹ̀ mọ iye ebè tí ó wà nínú àpò láfún kan. Kò sí ebè nínú owó púùlù tí ó lè kà.

Òfin pẹ̀lú kò lè bá wa parí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ ni ó ní àṣẹ láti ṣòfin lórí tẹ́tẹ́, ó sì fagi lé òfin lọ́tìrì ti 2005 tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ṣe. Ìdájọ́ náà sọ ìjọba tí yóò máa ṣe àkóso onítẹ́tẹ́. Kò sọ irú ojú tí ó yẹ kí ìlú fi wo ẹni tí ó jẹ. Ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà. Tẹ́tẹ́ ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù púùlù nìkan, ó ti wọ inú fóònù. Ní Alábàtà, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá yìí kan náà, ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ fún Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1988 wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń ta gbòǹgbò lè ní èsì bọ́ọ̀lù lórí fóònù lábẹ́ tábìlì. J. F. Ọdúnjọ, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta, fi ewì rẹ̀ lórí iṣẹ́ nínú Aláwìíyé kọ́ àìmọye ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ìlú bá gbé ẹni tí ó jẹ tẹ́tẹ́ sí iwájú agbo, tí ó fi oyè dá a lọ́lá, tí ó sì fi àgbẹ̀ sí ẹ̀yìn, ohun tí ọmọ fi ojú rí yóò borí ohun tí ó há sórí. Ìlú bẹ́ẹ̀ ti fi kíkí òṣìṣẹ́ kí olóríire.

Kí ni ó wá yẹ kí olóríire ṣe? Kì í ṣe kí ó da owó sómi. Ọ̀rọ̀ náà, oríire, ti fi ọ̀nà hàn án. Èkíní, orí ni ó ń yìn, kì í ṣe ọgbọ́n. Nítorí náà, ìgbéraga kò ní ibi tí yóò dúró sí. Èkejì, ẹni tí oríire bá dé bá kì í dá a yọ̀. Ará ilé àti aládùúgbò a máa bá a yọ̀, wọn a sì máa jẹ níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó ti jẹ́ pé àwọn tí òun kò mọ̀ ni ó san owó náà, àwọn tí òun mọ̀ ni kí ó san án padà fún: kí ó ran ọmọ tí owó ilé-ìwé rẹ̀ bá tẹ́tẹ́ lọ lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, kí ó má ṣe purọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nípa orísun owó náà. Kí ó sọ fún wọn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn pàdánù kí òun tó jẹ.

Owó tẹ́tẹ́ jẹ́ ti ẹni tí ó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè ná an láìtijú. Àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá tí ó bá tún gbé ọkọ́ lọ sí oko ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò tàbùkù oríire rẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí ẹni tí ń kọjá lọ lójú ọ̀nà rí ìdí láti kí òun ní kíkí kejì ni.