Ta Ló Ni Gírámà?

Ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate, ará Ìjẹ̀bú, Èkìtì àti Ọ̀yọ́ jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Ẹnu máa ń sọ pé, "Mi ò tíì jẹun." Ìwé fẹ́ràn "N kò tíì jẹun." Èwo ló tọ̀nà?

Méjèèjì ni. Ẹnu náà ní òfin tiẹ̀: kò sí ọmọ Yorùbá tó máa sọ pé "Tíì mi jẹun ò." Ta ló kọ́ wa? Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣàlàyé nínú ìwé gírámà rẹ̀ ní 1966.

Àkọtọ́ ti 1974, tó ní ká kọ "ayé" dípò "aiye", wúlò o. Bí wọ́n bá lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ, ó yẹ kí gbogbo wa lè kà á bákan náà. Àmọ́ ìwé la ṣe é fún, kì í ṣe láti fi wọn èèyàn. Ẹni tí a bá fi ẹ̀ka-èdè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Gẹ̀ẹ́sì ló máa sọ lẹ́ẹ̀kẹta. Òfin tó yẹ kó gbé Yorùbá ró ti lé ẹni tó ń sọ ọ́ lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́ àkọtọ́ dáadáa, ká sì máa gbọ́ èèyàn yé ká tó tún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe.