Àkókò Ẹni Tí Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

Ǹjẹ́ ó burú kí ènìyàn máa fẹsẹ̀ falẹ̀ nínú eré tí ó fi owó ara rẹ̀ san? Ẹ jẹ́ kí á lọ wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí lórí pápá gọ́ọ̀fù.

Ihò 18 ni àwọn òṣèré ń gbá bọ́ọ̀lù sí lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀wọ́ kan ń tẹ̀lé òmíràn. Ọ̀wọ́ tí ó wà lẹ́yìn kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù títí tí àwọn tí ó wà níwájú yóò fi kúrò níbi tí bọ́ọ̀lù lè bà wọ́n. Nítorí náà, bí ọ̀wọ́ kan bá falẹ̀, gbogbo àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò dúró.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Bí ènìyàn 4 bá jọ ń ṣeré, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 90, tí ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ṣòfò nígbà kọ̀ọ̀kan, wákàtí 1 gbáko ti lọ. Síbẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí yóò gbà pé òun ni ó jẹ ẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìfarabalẹ̀ yàtọ̀ sí ìlọ́ra. Ẹni tí ó fara balẹ̀ yóò ti yan ọ̀pá rẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Òfin eré náà tí a tún ṣe ní 2019 dámọ̀ràn pé kí gbígbá bọ́ọ̀lù kan má ṣe ju ìṣẹ́jú àáyá 40 lọ. Ó sì dín àkókò wíwá bọ́ọ̀lù tí ó sọnù kù láti ìṣẹ́jú 5 sí 3.

Ní 2013, ní ìdíje Masters ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi àmì 1 kún iye tí Guan Tianlang, ọmọ ọdún 14 láti Ṣáínà, gbá, nítorí pé ó falẹ̀. Ó gba ìdájọ́ náà láìjà, ó sì ń bá eré rẹ̀ lọ. Ìwà àgbà ni ọmọdé yẹn hù.

Ẹni tí ó wà lẹ́yìn náà ní ojúṣe tirẹ̀. Ìbínú kò fún un láṣẹ láti gbá bọ́ọ̀lù lé ẹnikẹ́ni lórí, nítorí bọ́ọ̀lù yẹn le, ó sì lè ṣe ènìyàn léṣe. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun ń falẹ̀, kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn tí ó yá jù ú lọ kọjá. Ẹni tí ó bá sì tẹ yanrìn inú kòtò, kí ó tún un ṣe kí ó tó jáde, bí ojú kankan kò tilẹ̀ rí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ìdáhùn náà nìyí: bí a bá sanwó wọlé, àyè láti ṣeré ni a rà, a kò ra àkókò ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nídìí ẹ̀rọ omi àti ní ibikíbi tí a bá ti tò sórí ìlà. Ẹ jẹ́ kí á máa bojú wẹ̀yìn.