Ọ̀RỌ̀ ẸNU WA LẸ́HÌN TÍ A BÁ WO SINIMÁ TÁN

Ẹnyin ará wa ọ̀wọ́n nínú Olúwa, àti ẹnyin olùkọ́ tí ẹ ńfi sùúrù tọ́ àwọn ọmọ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí a jọ rò pọ̀ nínú ìwé wa ti oṣù yí. Ọ̀rọ̀ náà kò tóbi lójú, nítorínà ni ọ̀pọ̀ ènìà kì í fi í bi ara wọn léèrè. Ọ̀rọ̀ náà ni èyítí a máa ńsọ láàrín ọ̀rẹ́ nígbàtí a bá wo sinimá tán.

Àwọn tí kì í wo sinimá kò pọ̀ mọ́ láàrín wa. Àwọn kan ńlọ sí ilé tí a kọ́ fún un ní ìlú ńlá. Àwọn míràn ńwò ó nínú ilé lórí tẹlifíṣàn. Àwọn ọ̀dọ́ wa sì ńwò ó lórí fóònù tí ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Nígbàtí nwọ́n bá wò ó tán, ọ̀rọ̀ yíò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ yíò bi ọ̀rẹ́ pé, “Ǹjẹ́ o ti wo èyítí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde? Báwo li o ti rí i?” Ẹnìkejì yíò dáhùn pé, “Ó dùn púpọ̀,” tàbí pé, “Má fi àkókò rẹ ṣòfò.” Kò sí ẹni tí ó ńpe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìdájọ́, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ni. Ìbéèrè wa sì nìyí: Ǹjẹ́ ó yẹ kí Kristian kí ó ṣọ́ ẹnu rẹ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ó ti ńṣọ́ ọ nígbàtí ó bá ńjẹ́rìí níwájú onídàjọ́?

Àwọn kan yíò wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á sinmi. Ọ̀rọ̀ eré li èyí. Bí a bá níláti gbé gbogbo ọ̀rọ̀ lé orí ìwọ̀n kí a tó bá ọ̀rẹ́ wa rẹ́rìn-ín, ìgbádùn wo ni yíò kù nínú ìbárẹ́?” Àtakò yí kì í ṣe ohun tí a lè fi ẹ̀rín lé lọ. Olúwa wa pàápàá bá àwọn ọ̀rẹ́ Rẹ̀ jókòó nídìí oúnjẹ, Ó sì lọ sí ibi ìgbéyàwó ní Kana. A kò sì kà á níbìkan pé Ó fẹ́ kí àwọn tí ó bá Òun jẹun kí ó dákẹ́ bí ẹni tí ó wà nílé ọ̀fọ̀. Ọ̀rọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ láàrín ọ̀rẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀; ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Ohun tí a ńwí ni pé kí ọ̀rọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ má ṣe di ọ̀rọ̀ èké, nítorí ẹyin li ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ńlọ nígbàtí ó bá ti ẹnu wa jáde. Ní ọdún 1903 li a kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ènìà ní ìlú Èkó, nínú gbọ̀ngàn tí a ńpè ní Glover Memorial Hall. Nígbàtí Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní ọdún 1976, èyítí a kà sí sinimá àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, tí Hubert Ògúndé sì gbé Aiyé jáde ní ọdún 1979, àwọn eléré a máa gbé sinimá wọn káàkiri láti ìlú dé ìlú. Ẹni tí ó wò ó ní alẹ́ òní ni yíò ròhìn rẹ̀ lọ́jà lọ́la. Bí ìròhìn bá dára, èrò yíò wọ́. Bí kò bá dára, àga yíò ṣófo. Ní òde òní, ìròhìn náà kò dúró de ọjọ́ ọjà mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yíò kọ ìlà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, àwọn náà yíò fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí yíò ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ìpinnu.

Bẹ́ẹ̀ni kì í ṣe ènìà kan ló ńṣe sinimá. Ẹni tí ó kọ ìtàn wà níbẹ̀, àti àwọn tí ó ṣe eré, àti télọ̀ tí ó rán aṣọ, àti káfíńtà tí ó kan ilé, àti ẹni tí ó di kámẹ́rà mú nínú oòrùn, àti obìnrin tí ó se oúnjẹ fún gbogbo wọn. A kò wí pé nítorí tiwọn kí a máa yin ohun tí kò dára. Ìyìn èké pàápàá jẹ́ ẹ̀rí èké, òfin kẹsàn-án sì dè é mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn sinimá tí a ṣe láti wàásù Ìhìnrere, irú èyítí Mike Bamiloye àti ẹgbẹ́ Mount Zion tí ó dá sílẹ̀ ní ọdún 1985 ńṣe, ti wọ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjọ àti ilé. Nígbàtí a bá wo irú sinimá bẹ́ẹ̀ tán, ẹ̀rù a máa ba ẹlòmíràn láti wí pé apá kan kò yé òun, tàbí pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù fún ìtàn náà, kí a má bà á pè é ní ọ̀tá Ìhìnrere. Ṣùgbọ́n Ìhìnrere kò béèrè irọ́ lọ́wọ́ wa. A lè dúpẹ́ fún iṣẹ́ ìwàásù náà tọkàntọkàn, kí a sì sọ ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ kù sí.

Kíni ó wá yẹ kí a máa ṣe? A rí ohun mẹ́ta.

Èkíní ni pé kí a mọ ìyàtọ̀ láàrín “kò wù mí” àti “kò dára.” Ẹni tí kì í jẹ gbẹ̀gìrì kò lè tìtorí èyí wí pé ẹni tí ó sè é kò mọ ọbẹ̀ sè. Àwọn kan wà láàrín wa tí ìtàn ogun kò bá lára mu. Àwọn míràn kò fẹ́ èyítí yíò mú wọn sunkún. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Kí nwọ́n wí pé, “Lójú tèmi, kò wù mí,” olúkúlùkù yíò sì mọ bí òun yíò ti gbà á. Ṣùgbọ́n nígbàtí a bá wí pé, “Kò dára,” a ti fi ohun tí ó jẹ́ tiwa nìkan lé ọwọ́ gbogbo aiyé, ó sì di ọ̀ràn-anyàn fún wa láti sọ ìdí rẹ̀.

Èkejì ni pé kí a sọ ohun tí a rí, kí a má ṣe sọ ohun tí a gbọ́ bí ẹnipé a rí i. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ rárá tí ó sì dá a, kíni a ó ti pe òun? Ẹ jẹ́ kí á fi Aiyé ṣe àpẹrẹ. Ìjà oníṣègùn pẹ̀lú àwọn àjẹ́ ni ìtàn rẹ̀. Ó rọrùn fún onígbàgbọ́ tí kò wò ó láti wí pé iṣẹ́ kèfèrí ni, àti pé ọ̀tá Ìjọ ni ẹni tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n Ògúndé yí kan náà ni ó fi ìtàn ọgbà Édẹ́nì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ eré rẹ̀ ní ọdún 1944, ní ẹ̀bẹ̀ ìjọ kan ní Èkó, nínú gbọ̀ngàn Glover kan náà tí a ti dárúkọ lókè. Ẹni tí ó bá wo Aiyé dé òpin tí ó sì wí pé, “Òògùn àti àjẹ́ tí mo rí níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ó lè gbé ọkàn mi ró lọ,” ó ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, a ó sì fetísílẹ̀ sí i. Ẹni tí ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ nìkan kò ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé Mímọ́ pẹ̀lú kọ́ wa pé ìtìjú ni fún ẹni tí ó dáhùn ọ̀ràn kí ó tó gbọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ni pé kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ wa kí ó tún ojú wa ṣe. Níhìn-ín ni a ti rí èrè tí ó wà nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1999, ọdún tí ìjọba ológun kásẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ni Túndé Kèlání gbé Ṣaworoidẹ jáde, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó sì kọ ìtàn rẹ̀. Ẹnìkan yíò wò ó, yíò rí ọba tí kò fẹ́ ṣe ètò tí ó dè é mọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀, yíò sì wí pé ìtàn ọba àti onílù ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yíò bi í pé, “Ìwọ kò ha rí àwọn ọmọ-ogun tí ó gba àfin?” Lójúkannáà ni ojú ẹni èkíní yíò là pé ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ti ńjọba lórí wa ni a ńsọ. Kò sí ìtìjú nínú kí ó wí pé, “Òtítọ́ ni, èmi kò rí èyí.” Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Sinimá kan tún wà tí ó fi èyí hàn gbangba, èyíinì ni Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọdún 2022. Ẹni tí kò bá tí ì wò ó, kí ó fo ìpínrọ̀ yí, nítorí ẹni tí ó sọ òpin ìtàn fún ẹni tí kò béèrè ti gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Saro, ẹni tí ńhun aṣọ òkè, dé ìlú Ọ̀yọ́. Ó fẹ́ Arólákẹ́, ayaba, ní ìkọ̀kọ̀. A sì pa á nítorí rẹ̀. Ẹyẹ àkàlà jí i dìde, Arólákẹ́ sì gba àdó tí agbára ẹyẹ náà wà nínú rẹ̀. Saro fi agbára yí jí òkú, ó di ẹni ńlá, ó kó obìnrin jọ, ó sì gbàgbé ẹni tí ó gbà á là. Nígbàtí ó dé ojú ẹ̀, Arólákẹ́ da ohun tí ó wà nínú àdó nù, ojú sì ti Saro níwájú ọba. Ẹ fi ìtàn yí síwájú ọ̀rẹ́ mẹ́rin. Ọ̀kan yíò wí pé, “Obìnrin ni ó bà á jẹ́.” Èkejì yíò wí pé, “Àìmoore ni ó pa á.” Ẹ̀kẹta yíò wí pé láti ìgbà tí nwọ́n ti jọ da ọba ni ilé wọn ti wó. Ẹ̀kẹrin yíò béèrè bóyá ọba náà ṣe ẹ̀tọ́ sí ayaba rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn kan ni gbogbo wọn wò. Bí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ bá ní ẹgbẹ́ lẹ́hìn tàbí tí ohùn rẹ̀ bá le jù, àwọn mẹ́ta tí ó kù yíò dákẹ́, nwọn ó sì wí pé, “Bẹ́ẹ̀ni, obìnrin ni.” Nígbànáà ni gbogbo wọn pàdánù.

Ibi yí gan-an ni a rò pé ewu ọ̀ràn náà wà. Kò sí ohun tí yíò ṣe ẹnikẹ́ni bí ó bá wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, “Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀.” A kò ní yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, a kò ní gba ilẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìà ńpurọ́ níbẹ̀, nítorí nwọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn bá ti ẹgbẹ́ mu. Bí ènìà bá ńpurọ́ lórí ohun tí kò ná an ní nǹkankan, kíni yíò ṣe ní ọjọ́ tí òtítọ́ bá fẹ́ ná an ní ipò rẹ̀? Ẹni tí ó bá ti kọ́ láti tẹ̀lé ohùn tí ó le jù lórí ọ̀rọ̀ sinimá, òun náà ni yíò tẹ̀lé ohùn tí ó le jù nínú ìpàdé ẹbí nígbàtí a bá ńpín ogún opó, tàbí nínú ìgbìmọ̀ ìjọ nígbàtí a bá ńka ìṣirò owó. Òtítọ́ dé ọjà ó kú tà, owó lọ́wọ́ ni a fi ńra èké. Ṣùgbọ́n ọjà kékeré wà tí a lè ti máa kọ́ òtítọ́ tà, ọ̀rọ̀ eré láàrín ọ̀rẹ́ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹnyin olùkọ́, iṣẹ́ nyín nínú ọ̀ràn yí kò kéré. Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ sọ láìrò ni ọmọ ńgbé dé ilé bí òfin. Nígbàtí ọmọ bá wí fún nyín pé sinimá kan dára tàbí pé kò dára, ẹ má ṣe yára fi èrò tiyín bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ bi í pé, “Kíni o rí? Nígbàwo ni inú rẹ dùn sí i, nígbàwo ni ó sì sú ọ? Kíni ẹni tí o kórìíra nínú ìtàn náà ìbá wí bí a bá jẹ́ kí ó gbèjà ara rẹ̀?” Ọmọ tí a bá bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá yíò kọ́ láti bi ara rẹ̀ kí ó tó dá ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́jọ́.

Nítorínà, ará, ẹ máa wo èyítí ó yẹ kí ẹ wò, kí ẹ sì máa bá ọ̀rẹ́ nyín sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí “mo rí i” kí ó jẹ́ ohun tí ẹ rí, kí “lójú tèmi” kí ó má ṣe wọ́n lẹ́nu nyín, kí ẹ má sì ṣe fi ìdákẹ́ ra ojúrere ẹgbẹ́. Olúwa wa ti kìlọ̀ pé a ó jíhìn ọ̀rọ̀ tí a sọ lásán pẹ̀lú. Kí Ó fún wa ní ahọ́n tí òtítọ́ kò nira fún, nínú eré àti nínú ohun gbogbo. Àmín.