Ta Ní Ń Bá Ẹni Tó Dá Rìn Dé Ibi Tó Ń Lọ?

Ìrìn-àjò àdálọ ni kí ènìyàn kan ṣoṣo gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, kí ó máa wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìlú kan dé òmíràn, láìsí ẹbí, ọ̀rẹ́ tàbí afinimọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Yúróòpù, ó ti di àṣà àwọn ọ̀dọ́ láti 1972, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè ibẹ̀ gbé tíkẹ́ẹ̀tì Interrail jáde, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì kan tó ń gbé ènìyàn la orílẹ̀-èdè púpọ̀ kọjá. Àwọn tí kò gbé ní Yúróòpù ní tiwọn, Eurail, tó ti wà láti 1959. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London tàbí Dublin wà lára àwọn tó ń ṣe é, àwọn mìíràn sì ń ti Èkó lọ. Àwọn kan nínú wọn máa ń mú ìgbà òtútù, torí pé ìgbà náà ni ilé ìwọ̀ ń dínwó, bí ọdún Kérésìmesì bá ti kọjá.

Ìrìn bẹ́ẹ̀ gbé ìbéèrè kan dìde tó ju ti owó àti òtútù lọ: ṣé ẹni tó dá lọ yìí, òun nìkan náà ló wà lójú ọ̀nà? Ìbéèrè náà kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ifá ti bi í ní gbangba, àwọn ẹ̀sìn tó dé bá Ifá nílé náà sì ní ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn.

Ní àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń dá àjò jíjìn lọ tí ọkàn àwọn ará ilé máa balẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láti ìgbà tí Ọ̀yọ́ ilé tú títí di ìgbà tí ogun Kírìjì parí, ẹni tó bá dá rìn lè di ẹrú kí ọjọ́ tó kanrí. Àwọn oníṣòwò máa ń dúró de ara wọn ni, wọ́n á kóra jọ ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ kí wọ́n tó kọjá bodè. Ìtàn àwọn Àwórì, tí Onígbòǹgbò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú wọn, fi irú ìrìn bẹ́ẹ̀ hàn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Ògúnfúnminírè kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó ń tẹ̀lé àwo kan tí wọ́n gbé lé ojú omi, ibi tí àwo náà bá sì rì sí ni kó tẹ̀dó. Ìṣẹ́rí ni àwo rì sí, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti tàn ká títí dé Èkó. Àwo ló ń ṣíwájú, ṣùgbọ́n agbo èrò ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí àwo fi ọ̀nà hàn pàápàá kò dá lọ.

Rélùwéè ló yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tó gba Ìkẹjà àti Agége kọjá, ẹnikẹ́ni tó bá ti lówó tíkẹ́ẹ̀tì lè jókòó láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí, kó sì dé ibi tó ń lọ láyọ̀. Síbẹ̀, èrò inú ọkọ̀ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá wà. Nínú ọkọ̀ òwúrọ̀ tó máa ń ti Agbádó kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí Ìddó nígbà kan, àwọn èrò a máa ṣe ìsìn, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á kọrin, oníwàásù á dìde láàárín àwọn tó wà ní ìdúró, ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ á sì gbọ́ tipátipá. Red Line tí wọ́n ṣí ní ọdún 2024, tó ń ti Agbádó lọ sí Oyíngbò, mọ́ tónítóní ju ìyẹn lọ, ó sì dákẹ́ díẹ̀ jù ú lọ.

Onígbòǹgbò, ìlú Àwórì tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, wà ní ibi tí ọ̀nà méjì ti pàdé. Ojú irin Ìkẹjà kò jìnnà sí i, pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed náà kò jìnnà, ojú títì Mobolaji Bank-Anthony sì ni ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó ń lọ síbẹ̀ kì í lọ lọ́wọ́ òfo: àkọsílẹ̀ owó báǹkì oṣù mélòó kan, lẹ́tà ibi iṣẹ́, fọ́tò pélébé, gbogbo rẹ̀ nínú fáìlì oníke kan tí ó máa ń dì mọ́ àyà bí òjò bá ń rọ̀. Fún físà Schengen, owó fọ́ọ̀mù jẹ́ 90 yúrò láti oṣù kẹfà ọdún 2024, onítọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ìdáàbòbò ìlera tí kò dín ní 30,000 yúrò. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè ẹni tí yóò sanwó ìrìn àti ilé tí àlejò yóò dé sí. Ó dà bí ẹni pé ìjọba àjèjì pàápàá kò fẹ́ gbà pé ènìyàn kan lè dìde kó máa bọ̀ láìní ẹni tó rọ̀ mọ́.

Ìdáhùn tó jinlẹ̀ jù lọ sí ìbéèrè ta ní ń bá ẹni tó dá lọ rìn wà nínú ẹsẹ kan ní Ògúndá Méjì, ọ̀kan nínú ojú odù Ifá mẹ́rìndínlógún. Ọ̀mọ̀wé Wándé Abímbọ́lá wà lára àwọn tó kọ ẹsẹ náà sílẹ̀ tó sì túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rúnmìlà ló bi àwọn òrìṣà léèrè pé èwo nínú wọn ló lè bá ẹni tó ń sìn ín lọ sí àjò jíjìn, tó fi kọjá òkun, tí kò ní padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó dáhùn pé òun lè ṣe é. Wọ́n ní tó bá wá rìn títí, tó dé Kòso, ilé bàbá rẹ̀, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n ro ọkà, tí wọ́n gbé orógbó àti àkùkọ adìẹ sílẹ̀ fún un ńkọ́? Ṣàngó ní bí òun bá ti yó tán, òun á padà sílé òun ni. Wọ́n ní kò lè bá olùsìn rẹ̀ dé òpin. Bí wọ́n ṣe bi Ọya nípa Irà nìyẹn, tí wọ́n bi Ògún nípa Ìrè àti ajá tí wọ́n máa pa fún un, tí wọ́n bi Ọ̀ṣun nípa Ìjùmú, ẹ̀kọ àti yánrin. Ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn fọ̀. Nígbà tó kan Ọ̀rúnmìlà tó béèrè ọ̀rọ̀, òun náà ní ilé kan ní Òkè Ìgẹ̀tí tí yóò yà sí. Orí nìkan ló kù.

Ohun tó yẹ kí èèyàn ṣàkíyèsí nínú ìtàn yìí ni ibi tí àwọn òrìṣà ti ń padà. Kò sí èyí tí ẹ̀rù bà, kò sí èyí tó rẹ̀, kò sí èyí tí ọ̀tá lé. Oúnjẹ aládùn ló dá wọn dúró, àti ilé tí wọ́n ti mọ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìgbà ìṣòro ni alábàárìn máa ń fi ni sílẹ̀. Ifá ní ìgbà tí ara bá rọ̀ ọ́ ni. Kò sì bú wọn fún un. Ẹni tó nílé gbọ́dọ̀ relé, àwọn àgbà sì ti sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Orí kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, ara ẹni tó ń rìn náà ni ilé rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ìgbà òtútù fi ìtàn yìí hàn kedere ju ọ̀nà mìíràn lọ. Nínú ọkọ̀ tó ń ti Cologne lọ sí Berlin ní oṣù kìíní, ilẹ̀ ti ń ṣú ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Èrò kan sọ̀ ní Hagen, òmíràn ní Bielefeld, àwọn tó pọ̀ jù sọ̀ ní Hannover, kálukú sì ń yára wọ kóòtù rẹ̀ torí pé iná ti wà ní títàn nílé tó ń lọ. Wọ́n kò kí ara wọn. Láwọn ọkọ̀ Jámánì kan, ibì kan tilẹ̀ wà tí ọ̀rọ̀ sísọ lórí fóònù ti jẹ́ èèwọ̀, níbi tí ọmọ Èkó tó mọ “ẹ kú ìrìn” àti “ẹ kú ìjókòó” yóò ti máa wo dígí. Ẹni tó kù lórí ìjókòó lẹ́yìn Hannover kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kòso tirẹ̀ kò sí lójú irin náà ni.

Ìsìláàmù wo ọ̀ràn náà láti ibòmíràn. Hádíìsì wà tó kìlọ̀ fún ẹni tó ń dá rìn, pàápàá lóru, tó sì ka ènìyàn mẹ́ta sí èrò ọ̀nà tó pé. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí ìkìlọ̀ nítorí ewu, wọ́n ní níbi tí ọ̀nà bá ti ní ààbò, ó rọrùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn náà kò fi arìnrìn-àjò sílẹ̀ láìní ìrọ̀rùn. Ní mẹ́sìhábù Málíkì tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ń tẹ̀lé jù, ẹni tí ìrìn rẹ̀ bá lé ní ọgọ́rin kìlómítà lè gé ìrun onírákà mẹ́rin sí méjì. Ẹni tó wọ rélùwéè láti Agége lọ sí Moníyà ní Ìbàdàn pàápàá ti tó ìwọ̀n yẹn. Bó bá pinnu láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko níbì kan, ó ti di onílé níbẹ̀, yóò sì máa kírun ní pípé. Ẹni tó ń sun oru méjì ní ìlú kan, tó ń sun oru méjì ní òmíràn, kò fìgbà kan bọ́ kúrò ní ipò arìnrìn-àjò. Ìgbà òtútù sì ń fún àkókò ìrun pọ̀: ní London ní ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin, tó fi jẹ́ pé àárín Àìlà àti Àsárì kì í sábà tó wákàtí méjì.

Ẹ̀kọ́ Kìrìsìtẹ́nì sún mọ́ ọn. Ìhìnrere Máàkù sọ pé méjì méjì ni Jésù rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n Jákọ́bù dá sá kúrò nílé, ó fi òkúta rọrí, ojú oorun ni ó sì ti gba ìlérí pé ẹnìkan ń bá a lọ. Sáàmù 121 tí àwọn ìyá ìjọ máa ń kà sórí ọmọ tó ń lọ sókè òkun ti inú ìgbàgbọ́ kan náà wá.

Àwọn kan yóò sọ pé gbogbo èyí kò kan ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ wá ìdáwà lọ. Ilẹ̀ Yúróòpù ní àpẹẹrẹ tó lókìkí fún wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1619, òtútù dá René Descartes dúró ní Jámánì nígbà tó ń rìnrìn-àjò, ó sì ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá kan tí ààrò ń mú gbóná. Níbẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo ohun tó mọ̀ palẹ̀, títí tó fi ku ìrònú tirẹ̀ nìkan tí kò lè ṣiyèméjì sí. Ó dà bí Orí, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ìrònú Descartes kò ní ẹnìkejì. Orí ni ẹnìkejì: ènìyàn kúnlẹ̀ yàn án lọ́run kí ó tó dé ayé, ó sì lè bẹ̀ ẹ́, ó lè tù ú, ó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé alábàárìn ló ń gba ni. Ìtàn Afùwàpẹ́ fi èyí hàn. Orísẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ jọ ń lọ sílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí, ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n. Afùwàpẹ́ yà kí bàbá rẹ̀, wọ́n rúbọ fún un níbẹ̀, ó sì yan orí tó dáa. Àwọn méjì yòókù yan èyí tó wù wọ́n lójú. Òjò ọ̀nà ayé pa gbogbo wọn. Ó pa orí àwọn méjì jẹ, ó sì rọ̀ lórí ti Afùwàpẹ́ láìmú nǹkan kan kúrò. Ọ̀nà kan náà, òjò kan náà.

Ifá tún fi kún un pé Orí nìkan kò tó. Ìtàn mìíràn sọ pé àwọn Orí pèjọ láìpe Ẹsẹ̀, ìmọ̀ tí wọ́n gbà kò sì lè ṣẹ. Nínú ọ̀ràn ìrìn-àjò, ìwé ìdáàbòbò ìlera, bàtà tí omi kò lè wọ̀ àti owó tó máa tó títí dé ìlú tó kàn, iṣẹ́ Ẹsẹ̀ ni. Ìrìn Pelumi Nubi, tó dá wa mọ́tò láti London dé Èkó láàárín ìparí oṣù kìíní sí ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 2024, jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Ó la jàǹbá ọkọ̀ kọjá ní Côte d'Ivoire, ó tún ọkọ̀ ṣe, ó sì ń bá ọ̀nà lọ. Àìmọye ènìyàn ló ń tẹ̀lé e lórí fóònù, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó di ìdarí ọkọ̀ mú.

Àwọn tó ń bọ Orí máa ń ní ilé orí, tí wọ́n fi awọ àti owó ẹyọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ilé ni ó máa ń wà. Kò pọn dandan kí wọ́n gbé e rìn káàkiri. Ẹni tó wà ní Berlin tàbí Stockholm lè fi omi tútù kan iwájú orí rẹ̀ ní òwúrọ̀, kó sì bá a sọ̀rọ̀ kí ó tó jáde. Ìyẹn tó.