Ìrìn Pẹ̀lẹ́ Lórí Òjò Dídì

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni èyí: ǹjẹ́ a lè pe ènìyàn ní aláìlẹ́bi nítorí pé kò pariwo? Orí òkè Alps ni n ó ti wá ìdáhùn, nígbà tí òjò dídì bá bolẹ̀. (Òjò dídì ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì pè é. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju yìnyín lọ, torí yìnyín a máa dún lórí páànù. Èyí kì í dún rárá.)

Ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ni kì í dé ibi tí ẹ̀rọ ti ń gbé ni gòkè kí a lè fi síkì yọ̀ sísàlẹ̀. Wọn a so bàtà pẹlẹbẹ tó fẹ̀ bí ajọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kí wọ́n má baà rì, tàbí kí wọ́n fi síkì tẹ́ẹ́rẹ́ rin ìrìn gbọọrọ láàárín igi. Wọn kò sun epo, wọn kò gé igbó lulẹ̀. Lójú ara wọn, àlejò rere ni wọ́n.

Òfin pàápàá gbè wọ́n lẹ́yìn níbòmíràn. Ní Norway, òfin ọdún 1957 gba ẹnikẹ́ni láyè láti rìn nínú igbó ẹni ẹlẹ́ni. Kò gbà á láyè nínú oko, àfi nígbà tí ilẹ̀ bá dì tàbí tí òjò dídì bá bò ó, láàárín 15 oṣù kẹwàá sí 29 oṣù kẹrin. Ìrònú yìí yé àgbẹ̀ èyíkéyìí: kò sí ohun ọ̀gbìn tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ pa.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kò sí nǹkan nísàlẹ̀? Ẹyẹ dúdú kan wà ní òkè Alps tó jẹ́ ìbátan àparò. Oúnjẹ rẹ̀ nígbà òtútù kò ní láárí. Nítorí náà, bó bá jẹun tán, á gbẹ́ ihò sínú òjò dídì, á sì ba síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ooru ara rẹ̀ má baà ṣòfò. Bí ẹsẹ̀ bá dé bá a lójijì, á fò pìrì, á ná agbára tí kò ní. Ní ọdún 2007, Raphaël Arlettaz àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ìgbẹ́ ẹyẹ yìí: èròjà tí ìjayà ń tú sínú ara pọ̀ sí i nínú ìgbẹ́ àwọn tí a ń lé kúrò nínú ihò. Ẹyẹ tó wà nítòsí ibi ìyọ̀síkì náà ń jìyà, n kò gbè sẹ́yìn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní ojú kan tó ń wà. Ẹlẹ́sẹ̀ pẹ̀lẹ́ lè yọ níbikíbi.

Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí a lọ fi sinmi, tiwa ni. Ẹyẹ kò bá wa pín nínú rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní kí ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Níhìn-ín, kò sí igi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sí èrò ìkà. N kò lè dá ẹni tí kò mọ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ní Switzerland, wọ́n ti pààlà agbègbè ìsinmi fún ẹranko, wọ́n sì ri pátákó mọ́lẹ̀ pé kí a má yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ka pátákó ti mọ̀.

Yóò ní àárẹ̀ ìlú ńlá ló lé òun wá. Bẹ́ẹ̀ ni; ojú ọ̀nà náà dákẹ́. Ohun tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni adùn pé kó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò tẹ ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀. Adùn gidi ni. Bí mo bá gbé e ka orí ìwọ̀n pẹ̀lú agbára tí ẹyẹ yóò fi rí oṣù kẹrin, ti ẹyẹ ló wúwo lójú mi. Àwọn pátákó mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìmọ̀ràn lásán ni wọ́n, tí òfin kò sí lẹ́yìn wọn. Níbẹ̀, àárín òun àti ẹyẹ ni ọ̀rọ̀ kù sí.