Gbèsè Ẹni Tí Ó Kọ́kọ́ Rí Ewu

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a bá yẹ òwe náà wò dáadáa, oorun ẹni tí ń kìlọ̀ gan-an ni ìkìlọ̀ náà ń dáàbò bò. Ohun tí òwe náà kò dáhùn ni èyí: bí ilé ẹni tí ń jẹ kòkòrò bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò lè dé etí ẹnikẹ́ni, ǹjẹ́ gbèsè ìkìlọ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹni tí ó rí i? Láyé àtijọ́ ìbéèrè yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ dìde, nítorí ojú kì í sábà rí ju ibi tí ẹsẹ̀ lè dé lọ. Alóre tí ó gun orí àpáta láti máa wo ọ̀nà tí ogun lè gbà wọ̀lú, ìlú tirẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Lónìí, ojú ti jìnnà ju ẹsẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí à ń pè ní sátẹ́láìtì ń yí ayé po lókè ọ̀run, ó sì ń rí odò àlejò gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí odò onílé. Ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì kan ní Yúróòpù lè mọ̀ pé omi ti bo oko ìrẹsì ní etí odò Bẹ́núé kí àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ náà tó mọ̀.

Odò Bẹ́núé yìí ni ó yẹ kí a fi yanjú ọ̀rọ̀ náà, nítorí kò sí ibi tí ó ti hàn kedere tó bẹ́ẹ̀. Láti Kamẹrúùnù ni ó ti ń ṣàn wá. Ní ìtòsí Garoua ni a ti sé e, níbi tí à ń pè ní Lagdo. A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìsédò náà ní 1977, ó sì parí ní 1982. Bí òjò bá pọ̀ jù, àwọn tí ń ṣọ́ ọ kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n ṣí i, nítorí bí ògiri náà bá wó, ìparun tí yóò tẹ̀lé e yóò ju ti omi tí a mọ̀ọ́mọ̀ tú lọ. Omi yìí a wọ Adamawa, a gba Taraba àti Bẹ́núé kọjá, a sì pàdé Odò Ọya ní Lọ́kọ́jà. Ní 2012, ènìyàn 363 ni a kà mọ́ àwọn tí ó kú nínú ìkún-omi ní Nàìjíríà, àwọn tí ó sì sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù méjì. Ní 2022, àwọn tí ó kú lé ní 600, àwọn tí ilé bọ́ mọ́ lọ́wọ́ sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ní ọdún méjèèjì ni ariwo sọ pé Kamẹrúùnù ni ó ṣe é.

Ariwo náà kò tọ̀nà tán. Àwọn aláṣẹ omi ní Nàìjíríà fúnra wọn sọ ní 2022 pé òjò tí ó rọ̀ sínú Nàìjíríà ni ó dá èyí tí ó pọ̀ jù sílẹ̀ nínú ìkún-omi náà. Pẹ̀lúpẹ̀lù, láti ìgbà tí a ti ń kọ́ Lagdo ni a ti mọ̀ pé ó yẹ kí Nàìjíríà kọ́ ìsédò tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní Adamawa láti gba omi tí yóò máa wá láti òkè. Ó ti lé ní ogójì ọdún, kò tíì sí ìsédò kan níbẹ̀ tí ó dá omi dúró. Ẹni tí ó mọ̀ pé aládùúgbò òun yóò máa da omi sílẹ̀ lọ́dọọdún, tí kò gbẹ́ kòtò, tí ó sì ń fi aládùúgbò náà sùn, ó yẹ kí ó rọra sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ èyí kò mú gbèsè aládùúgbò náà kúrò. Ẹ̀tọ́ ni fún un láti ṣí omi. Kì í ṣe ẹ̀tọ́ fún un láti ṣí i ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Bí gbèsè yìí ti tóbi tó, àkókò ni ó ń wọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 omi tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìlú kan náà. Odò ìlú kúrú. Òjò àti àjálù jọ ń dé pọ̀ ni, kò sì sí ará òkèèrè tí a lè bi pé èéṣe tí kò fi tètè sọ. Odò Ọya kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọdọọdún ni ó ń kún lẹ́ẹ̀méjì ní Nàìjíríà. Èkíní, tí omi rẹ̀ pọ́n nítorí erùpẹ̀ tí ó gbé, láti inú òjò tòsí ni, òun ni ó sì máa ń dé ní àkókò òjò. Ìkejì, tí omi rẹ̀ mọ́ ju ti ìṣáájú lọ, láti orí òkè Fouta Djallon ní Guinea ni ó ti ń bọ̀. Yóò tẹ́ rẹrẹ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Málì, yóò kọjá ní Niamey, yóò sì wọ Nàìjíríà nígbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, tí ojú ọ̀run sì ti gbẹ. Omi tí ó rìn fún oṣù mélòó kan kí ó tó dé! Ẹni tí ó bá wí pé irú omi bẹ́ẹ̀ bá òun lójijì, ó ń jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀ àti lòdì sí àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ìpìlẹ̀ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní 1964 ni àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án tí ó jọ ní agbada Odò Ọya dá àjọ kan sílẹ̀ nítorí odò náà, a sì tún un tò ní 1980 sí àjọ tí ó wà ní Niamey títí di òní. Ní Niamey kan náà ni AGRHYMET wà láti 1974, èyí tí ọ̀dá ńlá ìgbà náà bí. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti 1972, ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Ghana, Niger, Senegal àti àwọn mìíràn bí a ti ń ka àwòrán ilẹ̀ tí a yà láti òkè. Nítorí náà kì í ṣe àìsí àjọ ni ó ń pa àwọn ènìyàn etí odò.

Níbo wáyé ni gbèsè náà ti wá? Àwọn kan sọ pé láti inú àánú ni. Àánú dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fún ni láti inú àánú lè ṣíwọ́ nígbà tí ó bá wù ú, kò sì sí ẹni tí yóò bi í. Ìdí mìíràn wà tí ó lágbára jù. Ẹni tí ó ni sátẹ́láìtì kì í kàn ilẹ̀kùn kí ó tó wo inú àgbàlá ẹlòmíràn. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ṣe ìlànà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù kejìlá 1986, kò béèrè pé kí a kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ kí a tó wo ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wí pé ẹni tí ó bá ní ìròyìn tí ó lè ran orílẹ̀-èdè tí àjálù bá, tàbí tí ó fẹ́ bá, lọ́wọ́, kí ó fi ránṣẹ́ kíákíá. Bí ọ̀rọ̀ ṣe tò yìí bá ìwà ọmọlúàbí mu. Ẹni tí ó yọjú wo inú ilé ẹni láìtọrọ àyè, tí ó rí iná lórí àjà, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, kò sí ìlú tí yóò pe ìyẹn ní aláìṣẹ̀. Wíwò náà ni ó dá gbèsè sílẹ̀. Láti oṣù kọkànlá 2000 ni àdéhùn mìíràn, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ojú-ọ̀run ti Yúróòpù àti ti Faransé bẹ̀rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́, tí a fi ń fún ibi tí àjálù bá dé ní àwòrán láìgba kọ́bọ̀.

Nàìjíríà pàápàá ti dúró níhà ẹni tí ń fún ni. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 2003 ni a fi NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sókè láti Rọ́ṣíà, nínú ẹgbẹ́ kan tí ti Algeria, ti Turkey àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n lè jọ máa ṣọ́ àjálù. Ó wà lára àwọn tí ó fi àwòrán ránṣẹ́ nígbà tí òkun ya wọ ilẹ̀ Éṣíà ní oṣù kejìlá 2004, àti nígbà tí ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà ní 2005. Ó rọrùn láti fi í rẹ́rìn-ín pé ẹni tí kò ní omi ẹ̀rọ nílé ń ya àwòrán omi ilé olówó. Ẹ̀rín náà kò mọ́gbọ́n dání. Ẹni tí ó ti fún ni rí, kì í ṣe alágbe ni nígbà tí ó bá ń béèrè.

Ṣùgbọ́n àwòrán kì í ṣe ìkìlọ̀. Ìkùukùu ni ó sábà máa ń bo ilẹ̀ ní ọjọ́ tí omi ń kún, ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ríran kò sì lè rí nǹkan. Rádà nìkan ni ó lè la ìkùukùu àti òkùnkùn kọjá: yóò ta ìgbì tirẹ̀ sílẹ̀, omi tí ó dúró jẹ́ẹ́ yóò sì tì í dànù sí apá mìíràn, nítorí náà dúdú ni omi ń hàn nínú àwòrán. Bí omi bá wà láàárín ilé àti igi, ó ṣòro láti dá a mọ̀. Yúróòpù ní méjì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé ń lo àwòrán wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan kú ní oṣù kejìlá 2021, nítorí náà nígbà ìkún-omi 2022, ọjọ́ 12 ni èyí tí ó kù ń lò kí ó tó padà tọ ipa kan náà. Ó pọn dandan kí ẹni tí ó mọ ilẹ̀ náà wà tí yóò ka àwòrán náà, tí yóò sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ nìkan.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ẹni tí ń sọ ti ọ̀la kò lè sọ ju pé ó ṣeé ṣe lọ. Bí ó bá kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí ó ṣẹ lẹ́ẹ̀méje, onímọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ìgbà mẹ́ta yòókù, àwọn àgbẹ̀ ti hú ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó, wọ́n ti ta ewúrẹ́ ní ọ̀pọ̀, olè sì ti wọ ilé tí wọ́n fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kúrò ní ọdún kejì, àwọn ará ọ́fíìsì a ní olóríkunkun ni wọ́n. Kì í ṣe oríkunkun. Àgbẹ̀ náà ti ṣírò ohun tí ìgbọràn ná an, kò sì rí ẹni tí ó bá a san díẹ̀ níbẹ̀. Babaláwo tí ó bá sọ pé ibi ń bọ̀, kì í dákẹ́ síbẹ̀. Yóò sọ ẹbọ. Bí ó bá sọ ti ibi tí kò sì sọ ti ẹbọ, ó kàn dá ènìyàn lóró ni. Ní Bangladesh, ní oṣù keje 2020, àjọ àgbáyé yọ owó sílẹ̀ kí omi Jamuna tó kún dé góńgó, àwọn ìdílé sì gba owó náà kí wọ́n lè múra. Owó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tí ó ń wí pé kí a sá gbà láti jọ ru ẹrù sísá. Ní Nàìjíríà, ilé-ẹ̀kọ́ ni a sábà máa ń kó àwọn tí omi lé sí, ní oṣù kẹsàn-án tí sáà tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí omi kò dé ilé rẹ̀ rárá, omi ti gba kíláàsì rẹ̀.

Èdè tí a fi ń kìlọ̀ kò sì kéré nínú ọ̀rọ̀ yìí. Faransé ni a ń kọ ní Niamey àti ní Garoua, Gẹ̀ẹ́sì ni a ń kọ ní Àbújá. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 2012, ohun tí a fi ń wọn omi ní Lọ́kọ́jà fi mítà 12.84 hàn. Onímọ̀ tí ó gbọ́ iye yìí yóò dìde lórí àga. Obìnrin tí ń sá ẹja ní etí odò náà, Nupe ni ó ń sọ, tàbí Ígálà, tàbí Bassa, tàbí Ẹ̀bìrà. Kì í fi mítà wọn omi. Ó mọ ibi tí omi dé lára ògiri ní ọdún tí ó kún jù, ó mọ igi tí a ń so ọkọ̀ mọ́, ó mọ àtẹ̀gùn tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti ọjà. Ẹni tí yóò yí mítà 12.84 padà sí ara ògiri, sí ẹsẹ̀ igi àti sí àtẹ̀gùn, ní èdè tí obìnrin náà fi ń náwó ẹja, ó yẹ kí owó iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nínú owó sátẹ́láìtì náà láti ọjọ́ tí a ti ń rà á.